Ilẹ̀ Ilé Ìdáná Tí Kò Pariwo: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Alàgbà Samuel Mákánjú Ajíbóyè (1947–2025)

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1947 ni wọ́n bí Alàgbà Samuel Mákánjú Ajíbóyè, nínú ilé kan tó kọjú sí ọ̀sà ní Àgbádárìgì. Bàbá tó bí wọn, Josẹ́fù Ajíbóyè, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, tó kiri aṣọ títí dé etí òkun, tó sì gbàgbé láti padà sílé. Ohun tó mú un gbàgbé ni Sẹ̀wánú, ọmọ Gun láti Ajárá, tó wá ra ìró kan lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì ná an láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Ọ̀dọ̀ bàbá yìí ni olóògbé ti jogún ìfẹ́ iyán. Ọ̀dọ̀ ìyá yìí ni wọ́n ti jogún ẹ̀mí à-á-jà-á-dópin, pàápàá nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti di àwíjàre.

Ìyá àgbà ní Iléṣà ló fi orúkọ Mákánjú ránṣẹ́. Gbogbo ẹni tó mọ Bàbá ló gbà pé àdúrà ni orúkọ náà. Ọlọ́run gbọ́ ọ o, àmọ́ kò dáhùn títí Bàbá fi wọ ọdún kẹtàléláàádọ́rin. Ẹ̀yin olùbánikẹ́dùn yóò rí bí ìdáhùn náà ṣe dé bí ẹ bá ń kà á lọ.

Ọdún 1954 ni Bàbá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní ilé ìwé àwọn ọmọ Mẹ́tọ́díìsì. Ọpọlọ wọn pé, ọwọ́ wọn sì gún régé nínú ìwé kíkọ. Wọ́n gba ẹ̀bùn ìwé kíkọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àwọn ọmọ wọn sì gbọ́ ìtàn ẹ̀bùn náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Lẹ́yìn tí wọ́n jáde ìwé mẹ́wàá, wọ́n kọ́ Faransé ti ẹnu ibodè. Ìyẹn ni Faransé tí a fi ń bẹ ẹ̀bẹ̀, tí a fi ń bínú, tí a sì fi ń dá awakọ̀ dúró, tí kò sì wúlò fún nǹkan mìíràn.

Láti ọdún 1969 títí di 2007 ni Bàbá fi ṣe iṣẹ́ ajẹ́ńtì ní Sèmè, tí wọ́n ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde lọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù. Nínú oòrùn tó lè dín ẹyin, Bàbá kò bọ́ táì ọrùn wọn. Bàtà wọn a máa dán débi pé àwọn ọlọ́kadà a máa fi í wo irun. Mùsíọ̀ Sàmúẹ̀lì, bí àwọn elédè Faransé ṣe ń pe ọ̀gbẹ́ni, ni gbogbo ibodè ń pè wọ́n. Kò sí ọjà tó gba ibẹ̀ kọjá tí Mùsíọ̀ kò mọ ìlú tí wọ́n ti ṣe é, ohun tí wọ́n ń fi í ṣe, àti irú ènìyàn tí kò yẹ kó rà á.

Ní ọdún 1974, Bàbá fẹ́ Dúródọlá, tí wọ́n máa ń gé kúrú sí Dúró, omidan Àwórì láti Ìlogbò, tó ń ta àwo àti ìkòkò ní ọjà Agbálatà. Omidan yìí kì í pariwo. Ọ̀rọ̀ kan ni í sọ nígbà tí àwọn mìíràn bá sọ ogún, ẹyọ kan náà ni gbogbo wọn yóò sì máa rántí. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta ìgbéyàwó náà lọ́rẹ, Ìbílọlá sì ni àkọ́bí. Ní ọdún 1986, wọ́n kó lọ sí ilé ara wọn ní Ìbẹ̀rẹ̀kò, nítòsí títì márosẹ̀.

Nínú ilé ìdáná ilé yìí ni odó àwọn Ajíbóyè wà, odó igi apá ńlá tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Bàbá Josẹ́fù láti Iléṣà. Bí ó bá ti di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í gúnyán lórí símẹ́ńtì, ìró rẹ̀ á gba ojú fèrèsé jáde, gbì, gbì, gbì, títí dé etí títì. Lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni Bàbá máa ń wà nígbà náà, pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́, bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan. Bí ọwọ́ ẹni tó ń gúnyán bá ń dẹ̀, Bàbá á wúkọ́. Ohun tí ikọ́ náà ń sọ yé gbogbo ọmọ ilé: ẹ gún un kí wọ́n gbọ́.

Ọ̀rẹ́ wọn àtìgbà èwe, Alhájì Shamsudeen, tó ń ta ohun èlò ìkọ́lé ní Agbálatà, tí ilé rẹ̀ sì wà ní òdìkejì ọ̀nà, a máa ké láti ibẹ̀ pé, "Alàgbà! A ti gbọ́! Jẹun, kí o jẹ́ ká sinmi!" Ọ̀rọ̀ yìí a máa dùn mọ́ Bàbá ju ọbẹ̀ lọ.

Lọ́wọ́ Alhájì yìí kan náà ni Bàbá ti ra táìlì ní ọdún 2011. Táìlì funfun ni, dídán bíi dígí, irú èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì tẹ́ sí ilé ìdáná ní gbogbo Ìbẹ̀rẹ̀kò. Màmá Dúródọlá wò ó nílẹ̀, wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Bàbá Ìbílọlá, ilẹ̀ yìí mà ń dán jù."

"Dúró, ohun tí a fi ń mọ ilẹ̀ ẹni ńlá nìyẹn."

Ní ọdún 2018, epo pupa kán síbẹ̀. Màmá tẹ̀ ẹ́, wọ́n yọ̀ ṣubú, egungun ìbàdí wọn sì dá. Ẹ̀yin tí ẹ bá ẹbí dúró ní ọsibítù nígbà náà, Ọlọ́run yóò san án fún yín. Egungun náà jinná. Àmọ́ nígbà tí Màmá lè fi ọ̀pá rìn, wọn kò yà sí Ìbẹ̀rẹ̀kò rárá. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n kọjá sí Tópò ní òdìkejì ọ̀sà, níbi tí gbogbo ilẹ̀ ti jẹ́ yanrìn, lọ́dọ̀ àbúrò wọn tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ìyá Tópò. Ìdí tí Màmá sọ kò ju ẹyọ kan lọ: yanrìn kì í gbé ènìyàn ṣubú.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, Bàbá a máa wọkọ̀ lọ síbẹ̀ pẹ̀lú bàtà dídán. Kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà, yanrìn á ti kún inú bàtà náà. Wọ́n á jókòó, wọ́n á gbọn ọ̀kan, wọ́n á gbọn èkejì, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ àwíjàre.

"Dúró, epo ló ń yọ̀. Táìlì yẹn kò ṣe nǹkan kan."

"Ẹ kú àlàyé, Bàbá Ìbílọlá. Ẹ máa bá táìlì yín gbé."

"Nígbà wo lo ń bọ̀ wálé?"

"Ọjọ́ tí ilẹ̀ ilé ìdáná yẹn bá rọ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀ bíi yanrìn yìí, kí ẹ wá pè mí."

Bí Bàbá bá sì dìde, Ìyá Tópò á sìn wọ́n dé etí omi, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọn bàtà yín dáadáa. Ẹ má kó yanrìn wa lọ."

Ilé ní Ìbẹ̀rẹ̀kò dákẹ́. Odó kò dún mọ́. Búrẹ́dì àti àkàsà ni Bàbá ń jẹ, àwọn ará àdúgbò sì mọ̀, nítorí wọn kò gbọ́ nǹkan kan. Ìkíni wọn yí padà. Wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ Bàbá pé, "Ẹ ti rí nǹkan fi sẹ́nu, sà?" Fún ẹni tó ń fi ikọ́ darí ọmọ odó tẹ́lẹ̀, ìbéèrè yìí kọjá ìwọ̀sí.

Inú ìdákẹ́jẹ́ yìí ni Bàbá ti rántí kọ́ọ̀kì. Èèpo igi kan ni, èyí tí àwọn òyìnbó ń bó tí wọ́n fi ń dí ẹnu ìgò ọtí. Bí wọ́n bá lọ̀ ọ́, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ pọ̀ di pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó ṣeé tẹ́ sílẹ̀ bíi táìlì. Ní ìgbà kan rí ní Sèmè, Bàbá ti gba irú rẹ̀ jáde fún ọlọ́lá kan, wọ́n sì ti bọ́ bàtà dúró lé e lórí nígbà tí ẹnikẹ́ni kò wò wọ́n. Wọ́n rántí pé ó rọ̀, pé ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, àti pé kò yọ̀. Wọ́n ránṣẹ́ sí Kútọnu kí wọ́n bá wọn wá a.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2019, nínú òjò, páálí kọ́ọ̀kì dé láti ilẹ̀ Potogí. Ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Alàgbà tó ń ṣe olórí ẹgbẹ́ àwọn tí kì í mutí ti fẹ́ fi ìdérí ìgò ọtí tẹ́ ilé ìdáná! Àwọn ìyá ìjọ ń ka iye ìgò tí yóò gbà, wọ́n ń mi orí. Alhájì Shamsudeen ní tirẹ̀ rọra kọjá wá.

"Alàgbà, ṣé lóòótọ́ ni? Èmi Mùsùlùmí ni kò yẹ kí n bá ọ kó o jọ, ṣùgbọ́n bí ìdérí mínírà bá ṣeé lò, mo ní púpọ̀ nílé."

"Òpè," ni Bàbá dá a lóhùn, "ohun tí o kò bá tíì tà, o kì í gbà pé ó wà láyé."

Olúwagbọ́tèmi, ọmọkùnrin wọn tó wá bá wọn tẹ́ ẹ, ka ìwé pélébé tó wà nínú páálí. Ìwé náà ní kí wọ́n tú kọ́ọ̀kì náà kalẹ̀ nínú yàrá fún ọjọ́ méjì kó lè mọ́ afẹ́fẹ́ ibẹ̀ lára. Ó ní kí wọ́n fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ létí ògiri, nítorí kọ́ọ̀kì a máa fẹ̀, a sì máa súnkì. Ó ní ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ, kò sì gbọdọ̀ dán, kí gọ́ọ̀mù lè dì í mú.

"Ó gbọ́dọ̀ sinmi?" ni Bàbá wí. "Ṣé ẹsẹ̀ ni kọ́ọ̀kì fi rìn wá láti ilẹ̀ Potogí, tí yóò fi sinmi? Mo ti pe Àlùfáà fún Sátidé."

"Bàbá, táìlì náà ńkọ́? Ó yẹ ká kọ́kọ́ fọ́ ọ kúrò."

"Lé e lórí rẹ̀. Táìlì yẹn kò ṣe nǹkan kan."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lẹ kọ́ọ̀kì mọ́ orí táìlì dídán, láti ògiri dé ògiri, láìfi àyè sílẹ̀ fún èémí. Ó sì dára lójú, àwọ̀ rẹ̀ dàbí oyin. Sátidé mọ́, Bàbá wò ó, ó ku ohun kan. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nílé wa, ilẹ̀ tí a kò bá da omi sí, kí a fi ìgbálẹ̀ lé omi náà jáde, a kò tíì fọ̀ ọ́. Kí àlejò má baà sọ pé ilẹ̀ àwọn dọ̀tí, Bàbá fúnra wọn ká ṣòkòtò sókè, wọ́n po ọṣẹ, wọ́n da korobá omi lé kọ́ọ̀kì tuntun, wọ́n sì gbá a pẹ̀lú orin ọpẹ́ lẹ́nu.

Kí àwọn àlejò tó pé, ilẹ̀ náà ti mu omi, ó ti wú bí àkàrà nínú epo. Àárín rẹ̀ ga sókè. Àlùfáà gbé ẹsẹ̀ lé e láti gbàdúrà, ilẹ̀ náà rì, ó sì tún gbé wọn padà. Àwọn akọrin gbé ohùn sókè láti bo ohun tí ojú rí. Alhájì nìkan ló sọ̀rọ̀.

"Alàgbà, ilẹ̀ rẹ lóyún o. Oṣù mélòó ni?"

Bàbá dá òjò lẹ́bi. Wọ́n dá Kútọnu lẹ́bi. Wọ́n dá igi ilẹ̀ Potogí lẹ́bi látorí gbòǹgbò dé ewé. Ìròyìn náà bá ọkọ̀ àwọn apẹja kọjá sí Tópò kí wọ́n tó dá igi lẹ́bi tán. Ní Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, fún ìgbà àkọ́kọ́, Bàbá kò lọ. Lọ́jọ́ Ajé, atukọ̀ kan mú ẹja yíyan wá fún wọn láti ọ̀dọ̀ Màmá, pẹ̀lú gbólóhùn kan pé, "Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé táìlì yẹn ṣì wà lábẹ́ rẹ̀."

Bàbá jẹ ẹja náà. Àwọn ọmọ wọn sì ṣàkíyèsí pé wọn kò sọ̀rọ̀ igi mọ́.

Wọ́n dúró kí òjò lọ. Wọ́n dúró kí ọyẹ́ dé. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, Alhájì Shamsudeen gbọ́ òòlù láti òdìkejì ọ̀nà, ó sáré wọlé, ó bá Alàgbà lórí ìkúnlẹ̀, láìsí táì lọ́rùn, tó ti ṣí kọ́ọ̀kì wíwú kúrò, tó ń fọ́ táìlì.

"Ah! Táìlì tí mo tà fún ọ! Sàmúẹ̀lì, kí ló ṣe ọ́?"

Bàbá kò gbójú sókè. "Èmi kọ́ ni táìlì yìí ṣe. Ìyàwó mi ló ṣe."

Alhájì ká apá jálábíà rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àfọ́kù jáde. Ìró òòlù yẹn ni ariwo tó kẹ́yìn tí ilé ìdáná náà pa.

Kọ́ọ̀kì tuntun dé. Lọ́tẹ̀ yìí, Bàbá fúnra wọn tú u kalẹ̀ kó sinmi. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n sì ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ níwájú ibẹ̀ bí ẹni pé aláìsàn ń sùn nínú ilé. Ọjọ́ méjì pé, Olúwagbọ́tèmi ní ó tó. Bàbá ní, "Má kán án lójú." Àdúrà ìyá àgbà ti gbà. Bàbá àti ọmọ tẹ́ ẹ papọ̀ lórí símẹ́ńtì gbígbẹ, wọ́n fi àlàfo sílẹ̀ létí ògiri, wọ́n kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ bò ó, wọ́n sì kun fáníìṣì sí i kí omi má baà ráyè wọlé. Wọn kò pe Àlùfáà. Wọn kò pe ẹnikẹ́ni.

Ní Tópò, Bàbá dúró sínú yanrìn, wọn kò sì gbọn bàtà.

"Dúró, ó ti rọ̀."

"Ẹ ti fọ̀ ọ́?"

"Aṣọ tútù tí mo fún dáadáa ni mo fi nù ún."

Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí àbúrò wọn bá wọn di ẹrù.

Wọ́n dé Ìbẹ̀rẹ̀kò lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Màmá bọ́ sálúbàtà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, wọ́n gbé èkejì. Wọ́n fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín, wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún. Màmá na ọwọ́, wọ́n fi ọ̀pá ti ògiri, wọ́n dúró láìdi nǹkan mú, wọ́n sì béèrè ibi tí iṣu wà.

Bàbá jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ọba. Wọ́n de táì, wọ́n gbé abẹ̀bẹ̀. Nísinsìnyí ni gbogbo Ìbẹ̀rẹ̀kò yóò gbọ́. Odó náà ni yóò kéde fún ọ̀rẹ́ àti ọ̀tá pé ìyàwó Mùsíọ̀ Sàmúẹ̀lì ti padà sílé. Mofìyìnfólúwa, ìyàwó Olúwagbọ́tèmi, tó wá kí Màmá káàbọ̀, ló ń gúnyán, Màmá sì ń ro ọbẹ̀ nítòsí rẹ̀. Bàbá tẹ́tí. Ọkọ̀ ń kọjá ní títì. Ewúrẹ́ kan ké. Bàbá wúkọ́. Kò sí nǹkan kan. Wọ́n tún wúkọ́, èyí tó lágbára. Nígbà tí ara wọn kò gbà á mọ́, wọ́n dìde.

"Mofìyìnfólúwa, ṣé ẹ kò tíì bẹ̀rẹ̀ ni?"

"Bàbá, ó ti kúnná. Màmá ń bù ú lọ́wọ́."

Kọ́ọ̀kì ti gbé ohùn odó mì. Ohun tó ń gba ẹsẹ̀ Màmá lọ́wọ́ ilẹ̀ líle, òun náà ló ń gba ariwo. Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wo odó, wọ́n wo ilẹ̀. Ẹnu ọ̀nà yẹn ni Alhájì ti bá wọn, pẹ̀lú búrẹ́dì àti sàdíìnì nínú ọ̀rá.

"Alàgbà, ilé rẹ ṣì dákẹ́, mo ní kí n wá bá ọ jẹ... Ìyá Ìbílọlá! Ìgbà wo lẹ dé? A ò gbọ́ odó!"

"A ti ń jẹun, Alhájì," ni Màmá wí. "Ẹ fọwọ́."

Alhájì fọwọ́. Ó jẹ òkèlè àkọ́kọ́, ó jẹ èkejì, ó sì dá Bàbá nímọ̀ràn. "Sàmúẹ̀lì, gbé odó yẹn jáde sórí símẹ́ńtì ẹ̀yìnkùlé. Gbogbo àdúgbò ló rò pé o ṣì ń dá gbé. Jẹ́ kí wọ́n gbọ́!"

Ó dùn mọ́ Bàbá. Ó hàn lójú wọn pé ó dùn mọ́ wọn gan-an. Wọ́n wo ẹ̀yìnkùlé, níbi tí símẹ́ńtì ti le tí ó sì ń yọ̀ nígbà òjò. Wọ́n wo ẹsẹ̀ ìyàwó wọn tó wà nílẹ̀ lásán láìsí bàtà, tó nà gbalaja.

"Rárá," ni wọ́n wí. "Ẹni tó yẹ kó gbọ́ ti ń jẹ ẹ́."

Láti ọjọ́ náà títí di òní, odó àwọn Ajíbóyè kò jáde. Ó pẹ́ díẹ̀ kí àdúgbò tó mọ̀, Bàbá sì fi ara da ìkíni "Ẹ ti rí nǹkan fi sẹ́nu, sà?" náà. A dúpẹ́ pé wọn kò fara dà á pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀ jù: ẹnikẹ́ni tó bá wọlé, wọ́n á ní kó bọ́ bàtà, kó wá fi ẹsẹ̀ tẹ kọ́ọ̀kì, wọ́n á sì sọ ìtàn ilẹ̀ Potogí fún un títí oúnjẹ fi máa tutù.

Ní ti ìgbàgbọ́, Bàbá di alàgbà nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní ọdún 1991. Wọ́n ka Bíbélì ní gbangba pẹ̀lú ohùn tí àwọn ọmọdé rò pé ti Mósè ni. Ní ti àdúgbò, wọ́n jẹ́ alága ẹgbẹ́ onílé fún ọdún mẹ́sàn-án. Wọ́n jà títí gọ́tà fi dé òpópó wọn, wọ́n sì ra bẹ́ǹṣì sí èbúté tí àwọn tó ń lọ Tópò lè máa jókòó lé. Orúkọ wọn wà lára bẹ́ǹṣì náà. Ó tóbi.

Bàbá sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹsàn-án ọdún 2025. Wọ́n ti jẹun, wọ́n sì ti gbé àga sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná bí ìṣe wọn, tí wọ́n ń wo Màmá bí wọ́n ṣe ń palẹ̀ mọ́. Màmá rò pé wọ́n tòògbé ni.

Àwọn tó gbẹ̀yìn wọn ni aya wọn, Màmá Dúródọlá Ajíbóyè. Àwọn ọmọ wọn, Ìbílọlá, Olúwagbọ́tèmi àti Tèmídayọ̀. Mofìyìnfólúwa, ìyàwó ilé. Ọmọ-ọmọ méje àti ọmọ ọmọ-ọmọ kan. Alhájì Shamsudeen ní kí a kọ orúkọ òun sáàárín ẹbí, kì í ṣe sáàárín ọ̀rẹ́. A ti kọ ọ́.

Ẹ̀yin olùbánikẹ́dùn, lẹ́yìn ìsìnkú, ẹbí ń retí yín ní Ìbẹ̀rẹ̀kò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Bí nǹkan bá dà sílẹ̀, ẹ má ṣe pe omi; aṣọ wà lára ilẹ̀kùn. Ẹ óò rí òbìrìkìtì kan tí ìdí odó tẹ̀ sínú kọ́ọ̀kì náà. Màmá ní kí a má ṣe tún un ṣe. Bí ẹ bá sì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ẹ kò gbọ́ ìró kankan, ẹ má rò pé ilé Ajíbóyè ti ṣófo. Iyán ń bẹ lódó.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ọmọ Ajárá, Mùsíọ̀ Sàmúẹ̀lì tó wúkọ́ tí gbogbo ilé dìde, kí ilẹ̀ rọ̀ mọ́ ọ bó o ti jẹ́ kó rọ̀ mọ́ ẹni tí o fẹ́ràn. Má kánjú mọ́. Sinmi re o, Bàbá.